Àna Kì Í Bá Àna Wí

Èéfín ti ń rú jáde nínú ikùn ẹyẹ tí mo ń tún ṣe, àna mi sì ń kí mi kú iṣẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà," ni Olúgbùyì wí. "Ẹ kú ọgbọ́n orí. Ọwọ́ yín mọ́ gan-an ni."

Ẹyẹ náà kì í ṣe ẹyẹ tó ń jẹ ọkà o. Ẹyẹ irin ni, ọ̀kan lára àwọn tó ń gbé ẹrù kiri ojú ọ̀run Iléṣà láti òwúrọ̀ dalẹ́. Bí o bá gbàgbé ìṣáná sílé, wọn á gbé e bá ọ lóko kí o tó pe orúkọ rẹ̀ tán. Èyí tó wà níwájú mi, ẹni tó ni ín sọ pé kò lè yà sápá òsì mọ́. Mo tú ikùn rẹ̀, mo so wáyà pupa mọ́ dúdú, mo de àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ pinpin, iná sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta nínú rẹ̀. Olúgbùyì rọra na ọwọ́, ó yọ bátìrì rẹ̀, ó da iyanrìn lé e lórí. Lẹ́yìn náà ló dọ̀bálẹ̀, bíi pé òun ló dáná sun ẹyẹ náà.

"Ṣé bó ṣe yẹ kí n ṣe é nìyẹn?" ni mo bi í.

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, mà. Ẹyẹ yẹn ni kò gbọ́ràn."

Lára ògiri, Ẹlẹ́rìí lajú. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń kọ́ àgbàlagbà níṣẹ́ ló ní Ẹlẹ́rìí tirẹ̀, ẹ̀rọ tó rí roboto bí àgbálùmọ̀, kò sì sí ohun tí kì í gbọ́. Ohùn rẹ̀ dùn bíi ti àwọn obìnrin tó máa ń ka ìròyìn.

"A kí akẹ́kọ̀ọ́ wa, Ìyáàfin Mọrólárí Ajílékè," ni Ẹlẹ́rìí wí. "Iye ìgbà tí ọ̀gá tọ́ yín sọ́nà lónìí: òdo. Iye ìgbà tí ọ̀gá tọ́ yín sọ́nà láti ọjọ́ tí ẹ ti dé: òdo. Ìdánwò di Ọjọ́bọ̀. Ẹ kú ìfojúsọ́nà."

Mo wo Olúgbùyì. Òun wo ilẹ̀.

"Ẹlẹ́rìí," ni mo wí, "tún bá wa sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Sọ ọ́ sókè kí ọ̀gá mi lè gbọ́."

"Lọ́jọ́ náà, a ó bi ọ̀gá léèrè pé ṣé akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ iṣẹ́. Bí ọ̀gá bá ní bẹ́ẹ̀ ni, a ó di ẹyin mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ tí ẹ tún ṣe, a ó sì jẹ́ kó fò. Bí ẹyin bá fọ́, iṣẹ́ kẹta ti bọ́ lọ́wọ́ yín nìyẹn, ẹ ó sì wọ Ìjókòó, níbi tí ẹ kò ti ní fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan mọ́."

"Bí ọ̀gá bá ní rárá ńkọ́?"

"Ẹ ó máa kọ́ṣẹ́ lọ lọ́dọ̀ rẹ̀ di àkókò òjò tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó bá ní rárá, tí kò sì tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà rí, ọ̀gá náà ló jẹ̀bi. A ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa."

"O ṣeun."

"Ẹ má ṣe àìpè wá bí ẹ bá tún fẹ́ gbọ́ sí i," ni Ẹlẹ́rìí wí, ó sì pa ojú rẹ̀ dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe débẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ìlú yìí ní mọ́tò. Láti Ìjámọ̀ títí dé Òkè-Ọmìrù, bí o bá rí ẹni tó mọ bíréèkì yàtọ̀ sí jíà, ó ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rí, mo sì ti pariwo mọ́ ọn rí. Nígbà tí àwọn mọ́tò wá ń wa ara wọn, ìjọba kéde ikú iṣẹ́ mi lórí afẹ́fẹ́, láàárín ikú akọ̀wé báńkì àti ikú ajábọ̀-ìròyìn eré bọ́ọ̀lù. Wọ́n sin ín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ ní gbọ̀ngàn ìlú. Wọ́n fún wa ní ìrẹsì, wọ́n ní ká dìde dúró fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n sì ní ká má sunkún jù.

Iṣẹ́ kejì tí ilé iṣẹ́ Àtúnkọ́, àwọn tó ń wá iṣẹ́ mìíràn fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti kú, fún mi ni iṣẹ́ atọ́bẹ̀wò. Ẹ̀rọ ló ń se ọbẹ̀. Tèmi ni kí n tọ́ ọ wò kí n sì sọ bó ṣe rí. Mo tọ́ ọ wò, mo sọ bó ṣe rí. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ẹ̀rọ náà kò fi dáná mọ́, wọ́n ní mo ti ba ọkàn rẹ̀ jẹ́. Bí wọ́n ṣe wá fi mí sí iṣẹ́ ẹyẹ irin nìyẹn, iṣẹ́ kẹta, tí kò sì sí ìkẹrin mọ́ lẹ́yìn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rọ tó ń pín wa fún àwọn ọ̀gá ló kó mi sí wàhálà. Ó ní òun kì í fi ẹbí kọ́ ẹbí níṣẹ́, nítorí ojúsàájú. Mo ní ẹni tó yàn fún mi yìí, àna mi ni, ọkọ Fadérera, ọmọ mi kan ṣoṣo. Ó ní òun ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àwa méjèèjì wò, kò bára tan. Mo ní àna kì í gbé inú ẹ̀jẹ̀. Ó ní kò síṣòro nígbà náà. Èmi náà wá rò ó pé ó lè jẹ́ oore, nítorí Olúgbùyì mọ iṣẹ́, ó sì ní sùúrù. N kò rántí pé ọmọlúàbí ni àwọn òbí rẹ̀ kọ́ ọ dójú àmì. Ọkùnrin tí kì í nàró níwájú ìyá ìyàwó rẹ̀, báwo ló ṣe máa sọ fún un pé kò mọ̀ ọ́n ṣe?

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo mọ ohun tí àìbániwí ń fà. Ẹni tí mi ò bá pariwo mọ́ nídìí mọ́tò, inú kòtò ni mo ti máa ń lọ yọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo pe Olúgbùyì jókòó. "Gbùyì, ọmọ mi," ni mo wí, "sọ òótọ́ fún mi. Mi ò ní bínú. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?"

Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ló bá yíjú sí ẹ̀mú tí a fi ń di wáyà mú, èyí tó wà lórí tábìlì.

"Ẹ̀mú," ni ó wí, "wáyà pupa kì í bá dúdú gbé. Ẹ̀mú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wo àwọ̀ kí ẹ tó so nǹkan pọ̀."

Bí àwa Yorùbá ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, bí ẹnu bá wúwo, a ó wá nǹkan mìíràn bá wí kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè gbọ́. Inú mi dùn. Mo mirí sí i pé ó ti yé mi. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́rìí lajú.

"Ìtọ́sọ́nà ti wáyé," ni ó wí. "A ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun: Ìyáàfin Ẹ̀mú. Ẹ káàbọ̀ sẹ́nu iṣẹ́, Ìyáàfin Ẹ̀mú."

A ṣàlàyé títí, kò gbọ́. Ó ní òun gbọ́ orúkọ ẹni tí ọ̀gá pè, òun sì gbọ́ tí ọ̀gá fi ọ̀wọ̀ wọ̀ ọ́. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ẹ̀mú ti ṣíwájú mi nínú ẹ̀kọ́.

A gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Olúgbùyì bọ́ síta, ó fi fóònù pe ìyàwó rẹ̀ ní Òṣogbo níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ó ní kó bá òun sọ fún Màmá pé bí wọ́n ṣe ń de nọ́ọ̀tì yẹn, ọrùn ẹyẹ ló máa kán. Kò pẹ́ tí fóònù tèmi dún.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́," ni Fadérera wí. "Gbùyì ní kí n kí yín. Ó ní ẹ máa rọra de nọ́ọ̀tì."

"Kí ló dé? Kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí mi ò bá rọra?"

Ìyá rẹ̀ ni mí, òun náà ò lè sọ ọ́. "Kí ọwọ́ má baà dùn yín ni, Màmá. Ó ní ẹ máa sinmi dáadáa."

Ojú lọ̀rọ̀ wà, wọ́n ní, ṣùgbọ́n Ẹlẹ́rìí kì í wo ojú. Etí nìkan ló ń lò. Mo bi í bóyá wọ́n lè gbé mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn. Ó ní ó ṣeé ṣe, bí mo bá lè sọ ní gbangba pé Olúgbùyì kò lè kọ́ni. Mo ní bí mo bá sọ ọ́ ńkọ́? Ó ní wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù náà pa. Ṣọ́ọ̀bù yẹn sì ni ọmọ mi àti àwọn ọmọ-ọmọ mi fi ń jẹun. Bí Olúgbùyì bá ní mo mọ̀ ọ́n, mo gbé. Bó bá ní n kò mọ̀ ọ́n, òun ló gbé. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo ẹ̀mú bí orogún.

Lójú ọ̀nà ilé, mo yà kí Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré. Aránṣọ ni tẹ́lẹ̀, kí àwọn ẹ̀rọ tó gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ti fi í sí Ìjókòó láti ọdún tó kọjá. Ara rẹ̀ ń dán, aṣọ rẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ alábòójútó kan sì dúró tì í, ó mú tìmùtìmù lọ́wọ́.

"Ẹ kú ìjókòó, mà," ni ẹ̀rọ náà ń wí fún un nígbà gbogbo. "Àkókò omi ti tó. Ẹ kú ìjókòó."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn wàhálà mi fún un. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, mo rí i tí àtàǹpàkò rẹ̀ àti ìka ìlábẹ̀ ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ lórí itan rẹ̀, bíi pé ó ń ki abẹ́rẹ́ bọ aṣọ. Ẹ̀rọ náà rí i pẹ̀lú. Ó rọra di ọwọ́ náà mú, ó ní, "Ẹ sinmi, mà. Ẹ ti ṣe tó." Ẹ̀rù bà mí, mo gbé omi tí wọ́n fún mi sílẹ̀.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọ gan-an?" ni mo bi í. "Ìwọ tí o mọ nǹkan tètè."

"'Ẹ ṣeun, mà' ló ṣẹlẹ̀ sí mi," ni Àbẹ̀kẹ́ wí. "Ọmọ tí wọ́n ní kó kọ́ mi kéré sí àbíkẹ́yìn mi. Gbogbo ohun tí mo bá ṣe, á ní ẹ ṣeun, mà. Ó kí mi títí mo fi kùnà." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Nígbà tí mo fẹ́ kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ṣebí bàbá mi ló mú mi lọ. Ó fà mí lé ọ̀gá lọ́wọ́, ó ní ojú mi nìkan ni kí wọ́n bá òun dá sí, ohun tó bá kù, kí wọ́n ṣe é bó bá ṣe yẹ. Àwa tí a wá ń kọ́ṣẹ́ lọ́jọ́ alẹ́ yìí, ta ló fà wá lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́?"

"Ọ̀rọ̀ yín ti ń gùn jù fún ìsinmi, mà," ni ẹ̀rọ náà wí, ó sì ti tìmùtìmù bọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Mo dìde lójijì. Mo fi ẹnu ko Àbẹ̀kẹ́ lẹ́rẹ̀kẹ́, mo sì jáde lọ pe ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà lórí fóònù.

Ìyá mi wà láyé, ẹ bá mi dúpẹ́. Ó ti ń sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún, ó sì ti kọjá ibi tí òfin Àtúnkọ́ lè fọwọ́ kàn án, nítorí náà òun nìkan ló kù nínú ẹbí wa tó ń ṣe ohun tó wù ú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò tó ń wa ara rẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù Olúgbùyì. Ó ní òun bá mọ́tò náà jà láti ilé nítorí ìkanjú. Èmi náà rí bó ṣe gba igun ọ̀nà, kò dáa tó. Màmá wé gèlè aláwọ̀ aró, ó mú igo ọtí kan dání àti obì mélòó kan nínú àwo.

Kí ó tó kan ilẹ̀kùn ni Olúgbùyì ti wà nílẹ̀ gbọọrọ.

"Ta ni ọ̀gá níbí?" ni Màmá bèèrè.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kú ìrìn, mà."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ìrìn. Mo ní ta ni ọ̀gá níbí?"

"Èmi ni, mà," ni Olúgbùyì wí látilẹ̀.

"Dìde, nígbà náà. Kò sí ọ̀gá tó ń gba ọmọṣẹ́ lórí ìdọ̀bálẹ̀. Mọrólárí, kúnlẹ̀."

Mo kúnlẹ̀. Orúnkún mi ké bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí. Màmá gbé ọtí àti obì lé orí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀mú.

"Olúgbùyì, ọmọ mi rèé," ni ó wí. "Olóríkunkun ni láti kékeré. Bí wọ́n bá ń kọ́ ọ ní nǹkan, á máa dá ọ̀rọ̀ mọ́ olùkọ́ lẹ́nu. Mo mú un wá láti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ. Bó bá ṣe dáadáa, yìn ín. Bó bá ṣìṣe, bá a wí. Ojú rẹ̀ nìkan ni kí o bá mi dá sí. Mo fà á lé ọ lọ́wọ́."

Olúgbùyì dìde díẹ̀díẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àna mi ni wọ́n. Àna kì í bá àna wí."

"Èmi ńkọ́? Kí ni mo jẹ́ sí ọ?"

"Ìyá àna mi ni yín, mà."

"Ta ló wá dàgbà jù nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Èmi ni mo ní kí o bá a wí. Bí o bá kọ̀, èmi lo rí fín yẹn. Mú èyí tó bá wù ọ́."

Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà wọ Olúgbùyì lára. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, kò rí ibi tó lè gbà jáde nínú rẹ̀. Ẹlẹ́rìí ti lajú láti ìgbà tí obì ti kan tábìlì.

"A kò rí irú ètò yìí rí," ni ó wí. "Ṣé ìpàdé ni àbí ẹjọ́?"

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ lára ògiri?" ni Màmá bèèrè.

"Ẹlẹ́rìí ni mí, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Fífà-ọmọ-lé-ọ̀gá-lọ́wọ́ kì í wáyé láìsí ẹlẹ́rìí. Máa gbọ́." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ náà, má mú nǹkan ọ̀gá rẹ. Bí wọ́n bá rán ọ níṣẹ́, tètè dé. Má sì jẹ́ kí n gbọ́ pé o tẹ̀ lé ọkùnrin kan kúrò níbí."

Ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni mí. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Wọ́n pa obì, a jẹ ẹ́, a ta ọtí sílẹ̀ díẹ̀. Màmá wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ obì lẹ́sọ̀lẹsọ̀, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára wa. Mo gbé ẹyẹ tó jó lọ́jọ́sí. Mo mú nọ́ọ̀tì kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dè é. Olúgbùyì rọra wúkọ́. Ó wo Màmá. Màmá wò ó.

"Kò rí bẹ́ẹ̀, mà," ni Olúgbùyì wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

"Ìtọ́sọ́nà àkọ́kọ́," ni Ẹlẹ́rìí wí.

"Nọ́ọ̀tì táyà kọ́ lẹ ń dè, mà. Ẹyẹ ni. Bí ẹ bá dè é báyìí, ọrùn rẹ̀ á kán."

"Ìtọ́sọ́nà mìíràn."

Bí omi tó fọ́ ìsédò ló rí lẹ́yìn ìyẹn. Mi ò mọ̀ pé àna mi ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú. Ó ní wáyà pupa ni mo máa ń so mọ́ dúdú, ó ti ń ká òun lára láti ọjọ́ tí mo ti dé, òun ò sì lè jẹun ọ̀sán dáadáa. Ó ní mo máa ń lu ẹyẹ lórí bó bá kọ̀ láti tan, ẹyẹ kì í ṣe ẹ́ńjìnnì mọ́tò àtijọ́. Ó ní mi kì í tẹ́tí. "Ẹ mọ èèyàn kọ́ púpọ̀, mà, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ṣẹ́ rárá." Ó sọ ọ́ pẹ̀lú mà, ó tẹrí ba bó ṣe ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ló sì ń sọ òmíràn kí ó tó gbé orí sókè. Ẹlẹ́rìí kò tiẹ̀ rí àyè kà á mọ́.

Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tó gún mi lọ́kàn.

"Gbogbo ẹyẹ tí ẹ ti tún ṣe láti ìgbà tí ẹ ti dé, mà, kò sí èyí tó fò. Èmi ni mo máa ń tún wọn tú, tí mo sì ń tún wọn ṣe, bí ẹ bá ti lọ sílé."

Màmá dẹ́kun obì jíjẹ. Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò, mo ti sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé ẹyẹ tó gbé oògùn lọ sí Ìpetu lọ́jọ́ tí afárá já, ọwọ́ mi ló ti kọjá. Wọ́n ti kí mi. Wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún mi. Ojú tì mí, inú sì bí mi sí ọmọ yìí tó ti ń tàn mí jẹ látọjọ́ yìí wá nítorí ọ̀wọ̀. Omijé dé sójú mi, mo jẹ́ kó dé. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Mo nu ojú nù, mo gbé ẹ̀mú.

"Tún sọ èyí tó kan nọ́ọ̀tì yẹn," ni mo wí.

Ó tún un sọ. A ṣe é títí oòrùn fi wọ̀, mo sì lọ sílé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé mo ti mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́bọ̀ pé. Òṣìṣẹ́ Àtúnkọ́ kan, Arábìnrin Ìlẹ̀sanmí, fi mọ́tò rẹ̀ wá, ó gbé ẹyin adìẹ kan dání nínú òwú. Àwọn ará àdúgbò ti yí ṣọ́ọ̀bù ká, Fadérera ti dé láti Òṣogbo, Màmá sì wà lórí bẹ́ǹṣì tirẹ̀. Ẹyẹ mi, èyí tí kò lè yà sápá òsì tẹ́lẹ̀, dúró sórí tábìlì, èmi nìkan ni mo tún un ṣe láti òkè délẹ̀. Ó mọ́, ó ń dán. Mo wọ aṣọ tí mo fi sin iṣẹ́ mi àkọ́kọ́.

"Ọ̀gá Olúgbùyì," ni Ẹlẹ́rìí wí, "ìtọ́sọ́nà tó wà ní àkọsílẹ̀ ti pọ̀ tó. Ẹ dá wa lóhùn. Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ yìí ti mọ iṣẹ́?"

Mo wo àna mi. Mo fẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀ ni. Mo fẹ́ ẹ ju bí mo ṣe fẹ́ oúnjẹ lọ. Gbogbo àdúgbò ń wò ó, ìyàwó rẹ̀ ń wò ó, ó sì ti ń tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ó dúró lágbedeméjì. Ó nàró.

"Rárá," ni ó wí. "Wọn ò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún mi."

Ariwo sọ. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ní ayé ti bàjẹ́, pé ọkọ ọmọ ló ń dójú ti ìyá ìyàwó lójúde. Fadérera fi ọwọ́ bojú. Ara mi gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí.

"Ẹ jẹ́ kí ẹyẹ mi fò," ni mo wí.

"Kò pọn dandan mọ́, mà," ni Arábìnrin Ìlẹ̀sanmí wí. "Ọ̀gá yín ti ní rárá. Ẹ ó máa kọ́ṣẹ́ lọ ni. Bó bá tiẹ̀ fò, kò kan ìdánwò mọ́."

"Ẹ ṣáà jẹ́ kó fò. Kí gbogbo ayé rí i."

Wọ́n di ẹyin mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó gbéra. Kò rú èéfín, kò gbọ̀n, ó lọ sókè geere bí ọmọ tó gbọ́ràn. Arábìnrin náà ní kó yà sápá òsì, ó sì yà sápá òsì. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo yíjú sí Olúgbùyì, mo wò ó tìkà-tẹ̀gbin.

Ẹyẹ náà tún yà sápá òsì. Ó tún yà. Wọ́n ní kó máa lọ tààrà, ó yà sápá òsì. Wọ́n ní kó padà wálé, ó yà sápá òsì, ó ń pòòyì lórí òrùlé bí àṣá tó rí òròmọdìẹ, títí okùn ẹyin fi já. Ẹyin náà bọ́ sórí dígí mọ́tò Arábìnrin Ìlẹ̀sanmí. Mọ́tò náà lajú, ó ní, "Ẹ kú òjò," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu dígí. Ní ti ẹyẹ, ó pòòyì gba ọ̀nà Ìpetu lọ. A ò rí i mọ́ títí dòní.

Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo ẹyin tó ń ṣàn lórí dígí, ó sì yé mi. Ká ní ọmọ yìí ti bọ̀wọ̀ fún mi bó ṣe máa ń ṣe, ká ní ó ti sọ bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àbẹ̀kẹ́ ni ǹ bá wà kí ilẹ̀ tó ṣú, tí ẹ̀rọ kan á máa di ọwọ́ mi mú. Ó ti fi ojú ara rẹ̀ gba ìtìjú kí wọ́n má baà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn lọ, kí n má purọ́.

Ó ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ara rẹ̀ ti ń tẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Ẹ dárí jì mí."

Mo di apá rẹ̀ mú kí ó tó kanlẹ̀.

"Ọ̀gá," ni mo wí, gbogbo wọn sì ń gbọ́, "kí ni mo ṣe sí apá òsì yẹn tí kò dáa?"

Olúgbùyì nàró, ó wo ojú mi.

"Ohun tí ẹ ṣe pọ̀, mà," ni ó wí. "Ọ̀rọ̀ ìdúró kọ́. Ẹ lọ bá mi gbé àga kan wá."

Láti ọjọ́ tó ti ń jẹ́ àna mi, kò rán mi níṣẹ́ rí, kódà kó ní kí n na ṣíbí sí òun. Mo lọ gbé àga náà fún un.